Ẹgbèje Ọ̀bọ Tí Àbúrò Mi Pa

Mùjíbátù ni orúkọ àbúrò mi obìnrin, ìyá kan náà, bàbá kan náà. Gbogbo Lálùpọn ló ń pè é ní Ìyá Yasir nítorí àkọ́bí rẹ̀ tó ń ṣe mẹkáníìkì ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n èmi tí mo ti pọ̀n ọ́n sẹ́yìn rí, Mùjí ni mò ń pè é. Òun náà ń pè mí ní Bọ̀dá. Akọ̀wé ìjọba ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Gàrí ni Mùjí ń ṣe ní tiẹ̀, láti ìgbà ọmọge títí tó fi pé ọmọ ọgọ́ta ọdún.

Ẹni tí kò bá yan gàrí rí á rò pé iṣẹ́ agbára ni. Iṣẹ́ sùúrù ni. Wọ́n á bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ kí wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n á rọ ọ́ sápò, wọ́n á fi jáàkì tẹ̀ ẹ́ kí omi rẹ̀ lè ro dànù, wọ́n á kù ú, kí wọ́n tó wá jókòó ti agbada gbígbóná, tí wọ́n á máa fi àkúfọ́ igbá rò ó lọ, rò ó bọ̀. Bí ọwọ́ bá dúró díẹ̀, ó ti jóná nìyẹn. Bí ìkánjú bá sì wọ̀ ọ́, kò ní gbẹ délẹ̀. Ogójì ọdún ni Mùjí ti fi ń ṣe èyí, n kò sì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí pé ó sú òun.

Lóṣù kẹfà ọdún kan, òjò rọ̀ títí, èèpo ẹ̀gẹ́ tó wà nílẹ̀ ẹbu gàrí wá ń yọ̀ bí ọṣẹ. Mùjí ru agbọ̀n, ó yọ̀, ó ṣubú, egungun ojúgun ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sì dá sí méjì. Yasir gbé e lọ sí ọsibítù ní Ìbàdàn. Wọ́n to egungun, wọ́n dì í ní POP, dókítà sì ní fún oṣù mẹ́ta, kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀.

Ní ọjọ́ karùn-ún tó délé, mo lọ kí i, n kò bá a ní yàrá. Ìdí ló fi wọ́ dé ẹ̀yìnkùlé, ó ń nawọ́ sí agbada. Zubaidah, àbíkẹ́yìn rẹ̀ tó ń dúró de ìwé ìgbaniwọlé sí yunifásítì, ló rí i tó sáré dì í mú.

"Màámi, ṣé ẹ fẹ́ kí ẹsẹ̀ yìí tún dá lẹ́ẹ̀kejì ni?"

"Ọwọ́ mi ló ń yún mi," ni Mùjí wí. "Ẹ ní kí n jókòó, mo jókòó. Ọwọ́ ńkọ́? Kí ni kí ọwọ́ máa ṣe?"

Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀ títí. Ó mú fóònù tí Yasir rà fún ìyá wọn, ó tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, ó wá gbé e lé e lọ́wọ́. "Ó dáa, ẹ máa fi ọwọ́ yín pa ẹran."

Géèmù ni. Orúkọ òyìnbó gígùn kan ló ń jẹ́, ṣùgbọ́n Igbó ni Mùjí ń pè é, Igbó náà sì ni gbogbo wa nílé wá ń pè é. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló wà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló sì máa ń wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láti oríṣiríṣi ìlú. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é á dá èèyàn kan síbẹ̀, á sọ ọ́ lórúkọ, á sì máa darí rẹ̀ kiri. Ẹranko pọ̀ níbẹ̀. Bí o bá pa wọ́n, wọ́n á já nǹkan sílẹ̀, agbára rẹ á sì máa pọ̀ sí i láti ìpele kan dé òmíràn. Zubaidah bi ìyá rẹ̀ bóyá ọlọ́fà ló fẹ́ jẹ́, tàbí onídà, tàbí oníṣègùn, tàbí aláàáké. Mùjí ní aláàáké, nítorí àáké ni òun fi ń la igi ìdáná. Wọ́n sọ aláàáké náà ní Mujilalupon.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìkookò kan pa á nígbà mọ́kànlá. Mo jókòó tì í, mo ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì ó fi ìkookò sílẹ̀, ó lọ dúró sétí odò kan lẹ́nu ọ̀nà igbó, níbi tí àwọn ẹlẹ́dẹ̀ kéékèèké wà. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe géèmù náà á pa ẹlẹ́dẹ̀ bíi mẹ́wàá, wọ́n á sáré kọjá. Mùjí kò kọjá. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ló fi pa ẹlẹ́dẹ̀ létí odò kan ṣoṣo yẹn.

"Màámi, ẹ ti lè lọ síwájú o," ni Zubaidah wí.

"Kí n lọ síwájú lọ ṣe kí ni? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ bí wọ́n ṣe ń yọra ni."

Ìgbà tó fi máa kúrò létí odò, ìkookò ọjọ́sí kò lè dúró níwájú rẹ̀ mọ́. Èmi bi í pé ṣé nǹkan kan náà tó ń ṣe léraléra yìí kò sú u ni. Ó yí ojú sí mi bí ẹni pé n kò gbọ́n. "Bọ̀dá, ìgbà wo ni agbada sú mi?"

Kò pẹ́ tí ẹgbẹ́ kan fi gbà á wọlé nínú Igbó. Ọmọ Yorùbá ló pọ̀ jù nínú wọn. Olórí wọn, Roheem, ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Ìlọrin ni. Igbákejì rẹ̀, Ṣeunfúnmi, ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n máa ń kọ ọ̀rọ̀ síra wọn lórí fóònù, Zubaidah á sì máa ka èyí tó jẹ́ òyìnbó fún ìyá rẹ̀, nítorí ìwé mẹ́fà ni Mùjí kà. Bí Zubaidah kò bá sí nílé, èmi ni mò ń kà á. Kò sí ẹni tó mọ̀ nínú wọn pé ìyá àgbà ni Mujilalupon. Ọmọkùnrin ni wọ́n rò pé ó jẹ́.

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ òkúta aró délẹ̀. Ẹgbẹ́ wọn fẹ́ ṣí ẹnubodè ìlú àtijọ́ kan nínú Igbó, àfi kí wọ́n ní òkúta náà. Ọ̀bọ dúdú kan tó ń gbé orí òkè ló ń já a sílẹ̀. Bí o bá pa ọ̀bọ náà, láàárín ìṣẹ́jú kan òmíràn á dìde. Ṣùgbọ́n irun àti egungun ni ọ̀bọ máa ń já sílẹ̀, òkúta ṣọ̀wọ́n bí ojú. Roheem pa àádọ́rùn-ún ọ̀bọ, ó jáwọ́. Ṣeunfúnmi pa ọgọ́ta, oorun gbé e lọ. Ẹnì kan nínú wọn kọ ọ́ pé irọ́ ni, kò sí òkúta kankan níbẹ̀.

Mùjí bi ọmọ rẹ̀. "Ṣé wọ́n ní ó wà níbẹ̀?"

"Wọ́n ní ó wà, Màámi, ṣùgbọ́n ó ṣòro kó tó jáde."

"Ohun tó bá ti wà, á jáde."

Ó ní kí wọ́n gbé abọ́ méjì wá, ọ̀kan kún fún àgbàdo, ọ̀kan ṣófo. Ọ̀bọ kọ̀ọ̀kan tó bá pa, á mú ẹyọ àgbàdo kan láti inú abọ́ kìíní sínú èkejì. Mo ní kí ló dé tí kò fi tẹ̀sùbáà kà á, ó sún mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ní, "Orúkọ Ọlọ́run ni mo fi ń ka ìyẹn. N kò ní fi ka ọ̀bọ."

Láàárọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ, á na ẹsẹ̀ oní-POP rẹ̀ sórí àpótí, á bẹ̀rẹ̀. Bó bá tó àkókò ìrun, á gbé fóònù sílẹ̀, á kírun ní ìjókòó, á tún padà sórí òkè lọ bá ọ̀bọ. Lọ́jọ́ kẹta, adìẹ kan yọ́ wọlé, ó ṣa nínú àgbàdo tó ti kà. Mùjí fi bàtà sọ ọ́. "Ẹ wò ó o! Ó ti jẹ ọ̀bọ mi!" Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń yan gàrí gbọ́ láti ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ní kí n gbàdúrà fún àbúrò mi, bóyá ìṣubú yẹn ti kan orí.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Mo ń ka ìwé ìròyìn lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo gbọ́ igbe. Mo sáré wọlé, mo rò pé ó tún ṣubú ni. Mùjí ló gbé fóònù sókè, ó ń mì ín. "Zubaidah! Bọ̀dá! Ó ti já o! Òkúta ti já!"

Ó ti fi àtàǹpàkò tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ láti sọ̀rọ̀, kò sì mọ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ ló gbọ́. Ohùn ọkùnrin kan sì jáde láti inú fóònù.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta nìyẹn?"

"Èmi ni," ni Mùjí dáhùn.

"Èmi ta?"

"Èmi Mujilalupon. Ìwọ ta ló ń bi mí?"

"Roheem ni mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa gbé fóònù fún ọmọ tó ni ín."

"Ọmọ wo? Èmi ni mo ni fóònù mi. Ọmọ mi ń fọ abọ́."

Lẹ́yìn náà ni obìnrin kan bú sẹ́rìn-ín, Ṣeunfúnmi nìyẹn, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi ń húkọ́. Ìgbà tó rọlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ mà. Ọ̀bọ mélòó lẹ pa?"

Mùjí wo abọ́. A jọ kà á, èmi àti Zubaidah, a sì fi ti adìẹ kún un bí a ṣe rántí rẹ̀. Ẹgbèje ó lé méjìlá ni.

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè é ní Ìyá. Wọn kì í wọ Igbó láìkọ́kọ́ kí i. Bí ẹnì kan bá ní ìdánwò, á ní kí Ìyá gbàdúrà fún òun. Mùjí, tí wọ́n ní kó máa sinmi, tí ojúlé rẹ̀ ti dákẹ́ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, wá di ẹni tí ogún èèyàn ń bèèrè bó ṣe jí. N kò rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ọdún mélòó kan.

Wọ́n tú POP. Ẹsẹ̀ ti jinná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń tiro díẹ̀. Ó padà sídìí agbada. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ dà rú nìyẹn, nítorí Igbó kò padà lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn tó ni géèmù yẹn gbọ́n. Ojoojúmọ́ tí o bá wọlé, wọ́n á fún ọ lẹ́bùn. Wọ́n á sì máa ka ọjọ́ náà: ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹwàá. Bí o bá fo ọjọ́ kan ṣoṣo, òǹkà náà á padà sí oókan. Ẹni tó bá ka igba ọjọ́ láìfo, ẹṣin pupa ni wọ́n máa fún un, ẹṣin tí kò sí bí èèyàn ṣe lè rí i lọ́nà mìíràn. Wọ́n tún ya ilà aláwọ̀ ewé kan sísàlẹ̀ ojú fóònù, tó ń fi bó ṣe kù sí ìpele tó kàn hàn ọ́. Ilà yẹn kì í kún tán. Ìgbà gbogbo ló máa ń kù díẹ̀. Ìpele tó ń gba ọjọ́ kan níbẹ̀rẹ̀ wá ń gba ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ọwọ́ àwọn èèyàn bá sì ti fẹ́ dẹ̀, wọ́n á gbé ọdún tuntun kalẹ̀, ọdún ìkórè, ọdún iná, ogójì ọjọ́ ogójì ọjọ́, èyí tó jẹ́ pé bí o kò bá sí níbẹ̀, o pàdánù.

Mùjí bẹ̀rẹ̀ sí í dìde nídìí agbada. Á ní òun ń bọ̀, á sá wọ yàrá. Agbada gàrí kan jóná lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣù kọkànlá, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ó ní iná ló pọ̀ jù.

Èyí tó dùn mí ni ti ìkómọ ọmọ-ọmọ mi. Àwọn ààfáà ti dé, ilé kún, wọ́n ní kí àǹtí bàbá ọmọ wá gbé ọmọ. A pe Mùjí lẹ́ẹ̀kíní, a pè é lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀yìn táńkì omi ni mo ti bá a, ó tẹrí ba sórí fóònù.

"Mùjí, ọmọ mi bímọ, o wà lẹ́yìn táńkì?"

Ojú tì í. Mo rí i. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ ni, "Bọ̀dá, ìṣẹ́jú méjì péré ló kù kí ọdún iná parí."

N kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Lóṣù kìíní, nígbà ọyẹ́, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì lọ ní Lálùpọn. Wọ́n ní nǹkan bà jẹ́ lára òpó. Ilẹ̀ mọ́, kò dé. Mùjí ti ka ọjọ́ méjìdínnígba. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, mo rí i lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìbòrí, ó ń dá Kàmọ́rù ọlọ́kadà dúró.

"Níbo lò ń lọ?"

"Ọ̀nà Ìbàdàn. Ibi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá ti wà."

"Pẹ̀lú ẹsẹ̀ yẹn?"

"Bọ̀dá, ẹ má dá mi dúró. Ọjọ́ méjì péré ló kù."

Kí ni kí n ṣe? Mo gun ẹ̀yìn rẹ̀ lórí ọ̀kadà, mo dì í mú kó má baà já bọ́. Kàmọ́rù wẹ̀yìn, ó rí àgbàlagbà méjì bí ọmọ iléèwé, ó ní, "Bàbá, Ìyá, ṣé kò sí ìyọnu o?" Mo ní kó máa lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Eruku ọ̀nà bò wá títí tí irùngbọ̀n mi fi pupa. Ní gbogbo ìgbà ni Mùjí ń gbé fóònù sókè, tó ń wò ó. Nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Olódó, ó kígbe pé kí Kàmọ́rù dúró. A sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ igi dóńgóyárò kan níwájú ìsọ̀ fọganáísà. Ọkọ̀ òfurufú kan ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí apá Aláàkíà, ó bo ohùn gbogbo mọ́lẹ̀.

Mùjí ṣí Igbó. Ó tẹ ẹ̀bùn. Mo yọjú láti èjìká rẹ̀. Ìgò oògùn pupa márùn-ún ni, irú èyí tí wọ́n ń mu bí ẹranko bá gé wọn jẹ. Ó tẹ àpò rẹ̀ nínú Igbó. Ìgò pupa tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún méjì.

Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kọ́kọ́ kéré, ó wá pọ̀ débi pé ó di igi mú. Fọganáísà fi táyà sílẹ̀, ó ń wò wá.

"Bọ̀dá," ó ní, "èènì ni."

"Kí ni èènì?"

"Èyí ni! Bí oníbàárà bá ra gàrí lọ́wọ́ mi, ṣebí mo máa ń bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e? Ẹ̀kúnwọ́ yẹn kò pọ̀. Kó lè rántí mi lọ́la ni, kó má baà yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ogójì ọdún ni mo ti ń fi pe èèyàn. Ẹ wá wò ó, wọ́n ti ń fi pe èmi náà láti oṣù kẹfà, n kò mọ̀ ọ́n."

"Jìbìtì ni," mo wí. Inú ń bí mi láti ọjọ́ ìkómọ.

"Rárá, Bọ̀dá, ẹ má bú wọn. Ọjà ni wọ́n ń tà, wọ́n sì mọ̀ ọ́n tà. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà mi bá gun ọ̀kadà pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó dá, tó gba inú eruku wá, tí kò wá ra gàrí, tó jẹ́ pé èènì nìkan ló wá gbà, ṣé n kò ní sọ fún un pé kó lọ sílé lọ sinmi?"

Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí ìbòrí. N kò mọ̀ bóyá eruku ni tàbí nǹkan mìíràn. Ó ní, "Ẹ má bínú nítorí ọmọ yẹn. Mo gbọ́ nígbà tí ẹ ń pè mí. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kíní."

Mo ní ó ti tán.

Lọ́jọ́ kejì, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì padà dé Lálùpọn kí oòrùn tó yọ. Ọjọ́ ẹṣin pupa nìyẹn. Mùjí mú fóònù, ó pa á, ó fi í sínú agolo mílíìkì, ó dé e, ó gbé e sórí àjà. Zubaidah ní, "Màámi, ẹ gba ẹṣin yín ná, kí ẹ tó pa á!" Ìyá rẹ̀ ní bí òun bá gba ẹṣin, wọ́n á gbé ràkúnmí kalẹ̀. Ó lọ sídìí agbada. Mo jókòó níwájú rẹ̀ ní gbogbo àárọ̀ yẹn, mo sì rí bí ọwọ́ òsì rẹ̀ ṣe ń lọ síbi àpò léraléra, tí kò rí nǹkan kan níbẹ̀, tó ń padà. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ kò rọrùn fún un. Ó bú Zubaidah, ó bú adìẹ, ó bú èmi náà.

Ọjọ́ kẹfà ni, lọ́wọ́ ọ̀sán, a gbọ́ ohùn Kàmọ́rù lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé àlejò méjì wá láti ibùdókọ̀, ọkùnrin gíga kan àti ọmọbìnrin kan tó wọ gíláàsì. Wọ́n ti bèèrè Mujilalupon kiri ìlú, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, àfi ìgbà tí wọ́n sọ pé obìnrin àgbà ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ dá rí, ó fẹ́ràn fóònù. Kàmọ́rù ní, "Háà, mo mọ ìyẹn dáadáa."

Nígbà tí wọ́n rí Mùjí nídìí agbada, ọmọbìnrin náà dúró gbọnrangandan. "Ìyá? Ṣé ẹ wà láyé?"

Mùjí mọ ohùn yẹn. Ó ju àkúfọ́ igbá sílẹ̀. "Ṣeunfúnmi!"

Roheem dọ̀bálẹ̀ lórí èèpo ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú ṣòkòtò funfun. Ṣeunfúnmi ti kúnlẹ̀, ó ń sunkún. Ó ní wọ́n ń pè é, kò wọlé, ẹni tí kì í fo ọjọ́ kan, tí ẹṣin rẹ̀ ku ọjọ́ kan, tí kò wá gbà á. Gbogbo ẹgbẹ́ ló gbà pé ó ti kú. Roheem ti ti ìsọ̀ rẹ̀ pa ní Ìlọrin, ó yà ní Ògbómọ̀ṣọ́ gbé òun, wọ́n wá wo ibi tí wọ́n sin ín sí.

"Ẹ sin ta ni?" Mùjí ní. "Ẹ dìde, ẹ ń ba aṣọ jẹ́. Zubaidah, gbé àga wá! Bọ̀dá, ẹ bá mi wo gàrí yìí, ó ń jóná o!"

Èmi akọ̀wé ni mo ro gàrí lọ́jọ́ yẹn.

Wọ́n jẹun, wọ́n mu omi. Mùjí ròyìn ọ̀nà Olódó fún wọn, títí kan ìgò oògùn pupa. Ṣeunfúnmi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Roheem kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ orí mọ́lẹ̀. Ó ní ọdún mẹ́ta ni òun ti ka ọjọ́ láìfo. Ó ní nígbà tí wọ́n sin bàbá àgbà òun, òun jáde kúrò nídìí sàréè láti lọ tẹ ẹ̀bùn, òun kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Mùjí gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn, ó ń fọwọ́ rà á lẹ́yìn bí ọmọdé, títí ó fi gbé orí sókè.

"Ṣé ẹ kò ní padà mọ́, Ìyá?" ni Ṣeunfúnmi bi í.

"N kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ràn Igbó. Mo fẹ́ràn kí n máa pa nǹkan kan náà títí, ọkàn mi máa ń balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni mo fẹ́ wá bá níbẹ̀. Ẹ dá ọjọ́ fún mi."

Wọ́n dá ọjọ́: ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, àti ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn tí àwọn onígbàgbọ́ bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ìyókù ọ̀sẹ̀, ẹni tó bá wọlé, ó wọlé fún ara rẹ̀. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ kò gbà, wọ́n lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn. Ìpele ẹgbẹ́ wọn lọ sílẹ̀, wọn kò sí lára àwọn àkọ́kọ́ mọ́. Ó dun Roheem díẹ̀, ó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ó fo ọjọ́ kan, ó fo èkejì, ó ní ilẹ̀ kò là. Mùjí ní tiẹ̀, ìpele rẹ̀ kò lọ sókè mọ́ láti ìgbà náà. Ẹni tuntun ló máa ń mú lọ sétí odò, á dúró tì í kó lè mọ bí wọ́n ṣe ń pa ẹlẹ́dẹ̀. Kò tún jẹ́ kí gàrí jóná mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ní ọjọ́ Jímọ̀, bí ìmáàmù bá pẹ́ lórí wáàsí, mo mọ ẹni tí ara ń ta nínú àwọn obìnrin.

Lẹ́yìn Iléyá, Ṣeunfúnmi parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Wọ́n fẹ́ dé e ní fìlà nọ́ọ̀sì, ó sì ní kí Ìyá wá. Yasir ló wa ọkọ̀ gbé ìyá rẹ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní àwọn mọ́kànlá ló pé jọ láti inú ẹgbẹ́, tí ọ̀pọ̀ wọn kò rí ara wọn rí. Orúkọ inú Igbó ni wọ́n fi ń ki ara wọn mọ́ra nínú ọgbà iléèwé, àwọn òbí àwọn ẹlòmíràn sì ń wò wọ́n. Ìyá tó bí Ṣeunfúnmi fún Mùjí ní àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ ní iwájú. Mùjí ló bá ọmọ náà di fìlà rẹ̀ mú nígbà tí afẹ́fẹ́ fẹ́ gbé e.

Ó dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó rẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Mo gbé omi gbígbóná fún un kó fi ẹsẹ̀ sínú rẹ̀, mo bi í pé báwo ni ó ṣe rí.

"Wọ́n rù, Bọ̀dá," ó ní. "Gbogbo wọn pátá ló rù. Wọn kì í jẹun."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bá a níbi tó ti ń di gàrí sínú ọ̀rá, mọ́kànlá, ó ń ní kí Zubaidah kọ orúkọ sí wọn lára.